Ìwé Ètò Ìsìnkú àti Ìjọ Àwọn Baba Wa ní Rẹ́mọ

Nínú gbogbo ìwé tí a ń tẹ̀ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ lóde òní, àwa kò rò pé ọ̀kan wà tí ó ń dé ọwọ́ ènìyàn tó ìwé ètò ìsìnkú. Ẹni tí kò ra ìwé ìtàn kan láti ìgbà tí ó ti kúrò ní ilé-ìwé yóò ní mẹ́wàá rẹ̀ nínú yàrá rẹ̀; ìyá arúgbó tí kò mọ A yàtọ̀ sí B yóò fi ọ̀kan pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí nítorí àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìwé ọdọọdún bí èyí, níbi tí a ti ń yẹ ìwé ìtàn, ìwé ewì àti ìwé eré wò, àwa kò tíì rí ẹni tí ó yẹ ìwé ètò ìsìnkú wò gẹ́gẹ́ bí ìwé. Ohun tí a ń fi ṣe abẹ̀bẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ooru bá mú ni a kà á sí. Bí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé bá fún wa láyè, iṣẹ́ náà ni àwa fẹ́ ṣe níhìn-ín, nítorí a gbàgbọ́ pé kò sí ìwé mìíràn tí ó sọ òtítọ́ tó o nípa ipò tí Ìjọ Áńgílíkà wà láàárín wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí àwọn tí ó kọ ọ́ fẹ́ sọ nìyẹn.

Iṣẹ́ katikíìsì ni àwa ń ṣe. Àwa ni a ń lu agogo, àwa ni a ń kọ́ àwọn tí ń múra fún ìgbọ́wọ́lé, àwa ni a sì ń darí ìsìn nígbà tí Àlùfáà bá wà ní ìjọ mìíràn. Nítorí náà gbogbo ìwé ètò ìsìnkú tí a bá lò ní ìjọ wa ni ó ń gba ọwọ́ wa kọjá, a sì ti ń kó wọn sínú àpótí kan láti ọdún 17 sẹ́yìn. Wọ́n ti lé ní 60 nísinsìnyí. Nígbà òjò tí ó kọjá a kó gbogbo wọn jáde, a sì kà wọ́n tẹ̀léra bí ẹni tí ń ka ìwé kan ṣoṣo. A gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó ṣe bákan náà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe é ní òun nìkan ní òru.

Ìwé náà ní ìlànà tirẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Àwòrán olóògbé ni ó wà níwájú, nínú agbádá tàbí nínú gèlè. Lẹ́yìn èyí ni ètò ìsìn, lẹ́yìn ètò ìsìn ni orin, lẹ́yìn orin ni ìtàn ìgbésí-ayé, lẹ́yìn ìtàn ni ọ̀rọ̀ ìdágbére láti ọwọ́ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, àti ní ìgbẹ̀yìn, àwòrán, àwòrán, àwòrán. Bí a bá fi èyí tí ó pẹ́ jù nínú àpótí wa wé ti ọdún yìí, ojú ewé orin kò ju 4 lọ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú ewé àwòrán ti kúrò ní 2, ó ti di 20.

Ìtàn ìgbésí-ayé ni ọkàn ìwé náà, òun ni a ó sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí a bá yọ orúkọ kúrò, ẹni tí ó bá lè mọ ìtàn kan yàtọ̀ sí èkejì gbọ́n jù wá lọ. A bí olóògbé sínú ìdílé Kristẹni. Ó lọ sí ilé-ìwé ìjọ. Ó lọ sí Èkó, Ọlọ́run sì bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ́ ilé. Ó jẹ oyè. Ó jẹ́ ọmọ ìjọ olùfọkànsìn títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀. Ilé tí ó kọ́ lè gba ìlà 9, oyè tí ó jẹ lè gba ìlà 12, a sì ti rí ibi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tí ó rà gba odidi ìpínrọ̀ kan. Ìjọ kì í gbà ju ìlà 1 lọ, ìlà náà ni ọ̀kan ṣoṣo tí kò sì ní ẹ̀rí kankan nínú: kò sí ọmọ tí ó kọ́ ní ẹ̀kọ́, kò sí aláìsàn tí ó bẹ̀ wò, kò sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí ohunkóhun ṣẹlẹ̀ sí i nínú ilé Ọlọ́run.

Ṣé irọ́ ni àwọn ọmọ pa? Nígbà kan rí àwa rò bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí wa, nítorí a mọ àwọn mìíràn nínú àwọn olóògbé wọ̀nyí tí a kì í rí nínú ìjọ àfi nígbà Ìkórè àti nígbà tí ẹlòmíràn bá kú. Nísinsìnyí èrò wa ti yí padà. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, jíjẹ́ ọmọ Ìjọ Áńgílíkà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣe mọ́. Ohun tí ènìyàn jẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti jẹ́ ọmọ Ọ̀fìn tàbí ọmọ Màkún ní Ṣágámù. A kì í sì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ Màkún pé ìgbà mélòó ni ó jẹ́ ọmọ Màkún ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.

Àwa náà sì fi ọwọ́ sí ìlà yẹn. Kí òkú tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìdílé a máa san owó ìjọ tí olóògbé jẹ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan a kọ rìsíìtì owó ọdún 22 fún ẹnìkan ní ìjókòó kan. Ọmọ rẹ̀ ti fi fóònù san gbogbo rẹ̀ kí a tó kọ rìsíìtì kejì tán. Kò bi wá léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 22 náà, àwa náà kò sì bi í. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, a rí i nínú ìwé ètò pé olóògbé jẹ́ olùfọkànsìn. Ta ni yóò jiyàn? Rìsíìtì wà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend dé Abẹ́òkúta ní 1843, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn òyìnbó. Ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn ní 1892 ni ó fi agbára ṣí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn bí James Johnson, tí a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní 1900, ṣe làálàá láti gbin ìjọ káàkiri. Ẹni tí ó bá gbàgbọ́ nígbà náà mọ ohun tí ó ń san. Ó fi ọdún ìdílé rẹ̀ sílẹ̀, ó fi aya kejì sílẹ̀, ó sì gbà kí àwọn ẹbí máa wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. Ṣópòlú, baba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ di Kristẹni ní Ìkẹ́nnẹ́. Nígbà tí a bí ọmọ náà ní 1909, orúkọ Kristẹni ṣì jẹ́ ohun tí ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ará ilé rẹ̀.

Ilé-ìwé ni ó yí ọ̀ràn padà. Fún ìran méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀nà tí ó lọ sí ìdí kálàmù gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, yálà tiwa tàbí ti àwọn ará Wesley, tí wọ́n lágbára púpọ̀ ní Rẹ́mọ. Àwa kì í ṣe ẹni tí yóò kẹ́gàn èyí. Bí kì í bá ṣe ilé-ìwé ìjọ, baba tí ó bí wa ì bá má mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n ìjọ tí ó ní ilé-ìwé kan ṣoṣo tí ó wà ní ìlú kò nílò láti rọ ẹnikẹ́ni. Ó rọrùn láti rò pé ọ̀rọ̀ ìwàásù wa ni ó ń fa àwọn ènìyàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Awólọ́wọ̀ kan náà, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Láàárín ọdún 1970 àti 1979 ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. A gba àwọ̀n, àwọn apẹja sì jókòó sí etí omi, wọ́n ń sọ ìtàn ẹja àtijọ́ fún ara wọn.

Ìkẹ́nnẹ́ tilẹ̀ fi ohun tí ó gbóná ju èyí lọ hàn wá. Ní 1956, Tai Solarin, ọmọ ìlú náà, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Wesley College ní Ìbàdàn lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì, dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀. Kò gbàgbọ́ pé Ọlọ́run wà, kò sì fi í pamọ́. Kò sí ilé-àdúrà nínú ilé-ìwé rẹ̀, a kì í kọ orin ìsìn ní òwúrọ̀. Àwọn òbí Kristẹni rán ọmọ wọn lọ síbẹ̀ láìjáfara, nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dára. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń wá lọ́wọ́ wa ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìdáhùn kan nìyẹn, ó sì dùn wá láti kọ ọ́ sílẹ̀.

A ní láti la òkun kọjá fún ìgbà díẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá ni a ti ń rí ohun tí ọmọ yóò dà. Òfin kò fi Ìjọ Áńgílíkà múlẹ̀ ní Nàìjíríà rí. Àṣà ni ó fi í múlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ni. Ọba ni olórí Ìjọ náà, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù 26 sì ní ìjókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Ní Áyálándì a tú okùn tí ó so Ìjọ mọ́ ìjọba ní 1871, ní Wélíìsì ní 1920, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ a kò tíì tú u. Ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ a máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ìgbà mẹ́ta péré láyé wọn, wọ́n sì ń gbé wọn lọ ní ìgbà méjì nínú rẹ̀: ní ìgbà ìrìbọmi àti ní ìgbà ìsìnkú. Síbẹ̀ bí a bá bi wọ́n léèrè ẹ̀sìn wọn, wọn yóò dárúkọ Ìjọ. Wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìkànìyàn 2001, àwọn tí ó pe ara wọn ní Kristẹni, ti ìjọ gbogbo, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélíìsì jẹ́ 71.7 nínú ọgọ́rùn-ún; ní 2011 wọ́n di 59.3, ní 2021 wọ́n di 46.2. Àwọn tí ń wá sí ìsìn Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ Ìsinmi kò sì tó mílíọ̀nù kan. Ìwà ni ó kọ́kọ́ lọ. Orúkọ dúró lẹ́yìn rẹ̀ fún ìran kan tàbí méjì. Nígbà tí orúkọ náà wá dìde láti lọ, kò fi ìrìn falẹ̀. Àwa ní Rẹ́mọ ṣì wà ní ibi tí orúkọ dúró sí. Inú ìwé ètò ìsìnkú ni ó dúró sí.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a wo iye Bíṣọ́ọ̀bù wa. Òtítọ́ ni pé nígbà tí Ìjọ Nàìjíríà di aládàádúró ní 1979, àgbègbè Bíṣọ́ọ̀bù 16 ni ó ní, àti pé lónìí wọ́n lé ní 150. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé a rí ọ̀pọ̀ ènìyàn kún Ìjọ ní àwọn apá kan ní orílẹ̀-èdè yìí, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gé iṣu kan sí ọ̀nà mẹ́wàá, ègé ni ó pọ̀. Ìjókòó ìjọ tiwa ni àwa ń kà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú ìwé ètò wa, kí a ṣí ojú ewé tí a kọ orúkọ àwọn tí yóò darí ìsìn sí. Ojú ewé yìí kò gùn ní ọdún 17 sẹ́yìn. Nísinsìnyí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ń mú pásítọ̀ tirẹ̀ bọ̀ láti Èkó tàbí láti òkè òkun, a sì gbọ́dọ̀ fún olúkúlùkù wọn ní àdúrà kan tàbí ẹ̀kọ́ kíkà kan kí inú má baà bí ọmọ tí ó mú un wá. A ti rí ìwé kan tí pásítọ̀ 7 láti ìjọ 7 wà nínú rẹ̀. Ìjọ tí ó ni ilé ni ó kù fún láti lu agogo. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ wa bá rí ojú ewé yìí, wọn a mi orí, wọn a ní owó àti ìlù ni àwọn ọmọ bá lọ, pé ayé ìsinsìnyí fẹ́ ẹ̀sìn gbẹ̀fẹ́.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde. Nígbà àjàkálẹ̀-àrùn ti 1918, tí àwọn baba wa pè ní lúkúlúkú, ẹgbẹ́ àdúrà kan bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1922 wọ́n kúrò lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì kọ oògùn gbogbo sílẹ̀. Ní Èkó ní 1925, Christianah Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, ọmọbìnrin Ìjọ Áńgílíkà, àti Moses Orímọládé ni ó bẹ̀rẹ̀ Kérúbù àti Séráfù. Josiah Akíndáyọ̀mi, tí ó dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ ní 1952, gba inú C.M.S. àti inú Kérúbù àti Séráfù kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. William Kumuyi, tí a tọ́ ní ìdílé Áńgílíkà, jáde ní Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, ó sì padà wá ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Ní 1973 ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15 ní Yunifásítì Èkó, èyí tí ó di ìjọ Deeper Life. Ọmọ ilé-ìwé aláìgbàgbọ́ ni ó wá dá ìjọ tí ó le jù nínú gbogbo wọn sílẹ̀! Ààwẹ̀, àìsùn, ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ti rẹ ènìyàn láti ibi iṣẹ́, kíkọ ohun ọ̀ṣọ́ sílẹ̀: ṣé gbẹ̀fẹ́ nìyẹn? Ọ̀nà líle ni àwọn ènìyàn bá lọ. Àwa ni a ní ọ̀nà tí ó rọrùn. Owó ìjọ nìkan ni a ń béèrè, a sì lè gbà á lẹ́yìn ikú.

Ẹni tí ó kàn wá jù nínú wọn ni Josiah Olúnọwọ́ Ọ̀ṣítẹ̀lú ti Ògèrè, nítorí ọmọ Rẹ́mọ ni, àti nítorí pé olùkọ́ C.M.S. ni, tí a ń tọ́ sí iṣẹ́ katikíìsì, iṣẹ́ tí àwa ń ṣe yìí gan-an. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1925 ó bẹ̀rẹ̀ sí rí ìran ní òru, ó sì ń kọ ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́ sínú ìwé. Ní 1926, a yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1930, ó dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ògèrè. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ dé Sierra Leone àti Liberia ní 1947, wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1964. Ní 1975 a gba ìjọ náà sínú Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé, níbi tí àwọn Bíṣọ́ọ̀bù wa ti jókòó ṣáájú. Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, àwọn aláṣọ funfun ń gun òkè Tabieorar ní Ògèrè, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kún ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ níbẹ̀ a sì máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá.

Àwa kò sọ pé gbogbo ìran rẹ̀ ni a gbà. Àwọn orúkọ mímọ́ tí ó fi lẹ́tà àjèjì kọ ṣì ń dẹ́rù bà wá, a kò sì ní kọ́ àwọn ọmọ ìgbọ́wọ́lé wa ní wọn. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé ṣàkíyèsí ohun kan. Ọkùnrin yìí ń dìde ní òru, ẹ̀rù sì ń bà á. Ohun tí ìjọ rẹ̀ ní láti fún un ni ìwé ìyọkúrò.

A ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orin kí a tó dé ibi tí a ń lọ. Nínú ohun tí ó ju ìdajì àwọn ìwé tí ó wà nínú àpótí wa lọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìtàn ìgbésí-ayé. Orin nìkan ni ó kù fún Yorùbá, a sì ń tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì. Ní oṣù Kìíní ọdún 1875, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe alága ìpàdé kan ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà a tẹ odindi Bíbélì ní Yorùbá. Ẹni tí ó bá mọ làálàá tí ó wà nínú iṣẹ́ náà kò lè ka ìwé ètò wa kí ó má kẹ́dùn. Nínú ọ̀kan, níbi tí ó yẹ kí a ní ọkọ̀ tí àwọn ẹni ìràpadà wọ̀, 'oko' ni a tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi oko rin ìrìn-àjò ọ̀run, a sì dúpẹ́ pé ẹni tí ó kà á sókè kò kà á ní ọ̀nà kẹta. Nígbà tí a bá dé ẹsẹ kejì orin, àwọn ọ̀dọ́ ti dákẹ́; àwọn àgbàlagbà 5 àti dùùrù ni ó ń bá a lọ. Nísinsìnyí ìjọ wa náà ti ra ìlù, a ti fi aṣọ funfun kọ́ ògiri láti máa tan ọ̀rọ̀ orin sí i, a sì ń ṣe àìsùn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìlù àwọn ará ìta ni a yá wá. A kò yá ààwẹ̀ wọn.

Ìwé kan ṣoṣo nínú àpótí wa ni a fẹ́ yìn, òun ni ó sì mú kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bébà lásán ni, ojú ewé 8 péré, àwòrán 1. Ìyá kan tí ń ta ògì ni olóògbé náà. Yorùbá ni a fi kọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọmọbìnrin rẹ̀, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé, ni ó sì kọ ọ́. Kò sọ pé ìyá òun jẹ́ olùfọkànsìn. Ó sọ pé ó gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sátidé fún ọdún 31, pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbálẹ̀ òun gbálẹ̀, pé kì í tètè dárí ji ènìyàn, àti pé inú agolo mílíìkì ni ó ń kó gbogbo rìsíìtì owó ìjọ rẹ̀ sí. Kò jẹ ìjọ ní kọ́bọ̀.

Ọmọbìnrin yìí ti kúrò lọ́dọ̀ wa ní ọdún 11 sẹ́yìn, a sì mọ ìdí rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, gìrì mú ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e wá kan ilẹ̀kùn wa. A dá a lóhùn láti ojú fèrèsé. A ní kí ó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kíákíá, pé a ó rántí rẹ̀ ní ìsìn òwúrọ̀. Ìmọ̀ràn náà tọ̀nà, a ti tún un rò lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì tọ̀nà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wòlíì ilé-àdúrà kan tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà ti gbọ́ ẹkún. Ó jáde, ó bá wọn gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù náà, ó sì jókòó tì wọ́n lórí báǹṣì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ náà yè. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ìyá rẹ̀ wọ aṣọ funfun.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ àgbà kú, ó mú ìwé ètò náà tọ̀ wá wá kí a bá a fi àmì sí i kí ó tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé. A jókòó sí ìta gbangba ilé wa láti ìrọ̀lẹ́ títí a fi tan àtùpà. A ṣe orin tán, a bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ní ojú ewé 6 a kan ibi tí ó kọ ọ́ sí pé: Ní òru tí gìrì mú ọmọ mi, ìyá mi ni ó ní kí a lọ sọ́dọ̀ Tíṣà. Tíṣà kò ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá mi kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó sì lọ gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé.

A dá kálàmù dúró. Ó ti ń wò wá.

"Ẹ̀yin Tíṣà," ni ó wí, "bí ẹ bá ní kí n yọ ọ́, n ó yọ ọ́."

A ní kí ó má yọ ọ́. Àmì 2 ni kò ì tíì sí lórí ìlà náà. A fi wọ́n sí i, a sì ṣí ojú ewé 7.